Wọ́n fẹ́ gbà mí síṣẹ́ alábàárìn fún àwọn tó ń kọ́fẹ padà: kí ni kí n mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Àlejò-tuntun

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ó ti pé ọdún 4 báyìí tí mo ti fi ọtí sílẹ̀, ó sì ti lé ní ọdún 2 tí ìsoríkọ́ tó máa ń dè mí mọ́ ibùsùn ti rọlẹ̀ débi pé mo ń jí, mo ń wẹ̀, mo sì ń jáde bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń jáde. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti tọ́jú mi ránṣẹ́ pè mí lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbà mí síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí alábàárìn, ìyẹn ẹni tí àìsàn ọpọlọ tàbí bárakú ti bá fínra rí, tó ti rí ọ̀nà gbé e gbà, tí wọ́n sì wá ń sanwó fún kí ó máa bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́fẹ padà rìn.

Inú mi dùn, àyà mi sì ń já. Báwo ni mo ṣe máa mọ ìwọ̀n tí mo lè sọ nínú ìtàn ara mi? Bí ẹnì kan bá fi àṣírí hàn mí pé òun ti padà sídìí oògùn olóró, tó sì ní kí n má ṣe jẹ́ kí dókítà gbọ́, ẹ̀yìn ta ni kí n wà? Ṣé ó yẹ kí n máa fún wọn ní nọ́ńbà fóònù mi? Èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn ni ìkẹrin: bí ọtí bá tún gbé èmi fúnra mi ńkọ́? Wọ́n fún mi ní ìwé pẹlẹbẹ kan nípa iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n lórí gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí, kò sọ ju pé kí n lo làákàyè lọ.

Kọ́fẹpadà

Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ọdún 11 ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ìbéèrè yín nípa ìtàn ara ẹni ni mo sì fẹ́ dáhùn, nítorí òun ni mo kọ́kọ́ ṣì ṣe, mo sì ṣì í ṣe pẹ́ kí ojú mi tó là.

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, gbogbo ẹni tó bá jókòó níwájú mi ni mo máa ń rojọ́ ayé mi fún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo tà, ẹni tí mo jí owó rẹ̀, òru tí wọ́n gbé mi dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn, àti bí mo ṣe padà dìde. Mo rò pé ìrètí ni mo ń fún wọn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níwájú mi tó ti ń fi ìka yí ìdérí ike omi rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti la ẹnu, ó ń yí i sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì. Nígbà tó yá, ó gbé ike náà sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣé tèmi náà máa kàn lónìí?" Mo wo aago. Ìṣẹ́jú 35 ni mo ti jẹ nínú wákàtí kan tó jẹ́ tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó sọ ohunkóhun nípa ara mi, mo máa ń bi ara mi léèrè pé ta ni ọ̀rọ̀ yìí máa ṣe lóore, èmi ni àbí òun. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ló máa fúyẹ́ lẹ́yìn tí mo bá sọ ọ́ tán, ọ̀dọ̀ alábòójútó mi tàbí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tèmi ni ó yẹ kí n gbé e lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé òun ló máa ràn lọ́wọ́, ìwọ̀nba tó nílò ni mo máa ń gé fún un. Ìyàwó ilé kan wà tí kò fẹ́ wọ ẹnubodè ilé ìwòsàn wa nítorí ó ń bẹ̀rù pé ẹni tó mọ òun lè rí òun. Mi ò sọ ìtàn kankan fún un. Ohun tí mo sọ kò ju pé fún oṣù 3 gbáko, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni èmi náà ń gbà wọlé síbí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi ilẹ̀kùn náà han òun. Gbólóhùn kan yẹn ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún un nínú gbogbo àwọn dókítà wa.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹ má ṣe máa ṣàpèjúwe bí ẹ ṣe ń lo oògùn náà tàbí bí ó ṣe máa ń rí lára. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nǹkan sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 3 tó wá ń gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, itọ́ ni ẹ ń mú wá sí i lẹ́nu. Ohun tí ẹ kò bá tíì lè sọ láìjẹ́ pé ohùn yín gbọ̀n, ẹ jẹ́ kó ṣì wà nílé. Ẹ sì rántí pé ìyàwó yín, ọkọ yín, àwọn ọmọ yín àti àwọn òbí yín wà nínú ìtàn yẹn, wọn kò sì sí níbẹ̀ láti fọwọ́ sí i.

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ará yòókù tó jókòó níwájú yín ti wà nínú kòtò tirẹ̀, kò sì dájú pé ibi tí ẹ̀yin di mú tí ẹ fi jáde wà nínú tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa ṣọ́ra fún gbólóhùn náà, "mo mọ bó ṣe rí lára yín". Ẹ béèrè bó ṣe rí.

Ọwọ́-la-fi-ń-wẹ-ọwọ́

Mo fara mọ́ ohun tí Kọ́fẹpadà sọ. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹ má ṣe gba iṣẹ́ náà bí ẹni tí wọ́n ń ṣàánú fún, nítorí pé ìmọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́. Ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, ní ilé ìtọ́jú Bicêtre nítòsí Paris, Jean-Baptiste Pussin, tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe aláìsàn níbẹ̀ rí, ló ń bójú tó àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú, lára àwọn tí ara wọn ti yá ló sì ti ń yan òṣìṣẹ́, nítorí pé wọn kì í ṣe ìkà sí àwọn tó kù. Philippe Pinel, dókítà tí wọ́n gbé wá síbẹ̀ ní ọdún 1793, rí ohun tí Pussin ń ṣe, ó sì kọ́ nínú rẹ̀. Ní ti ìgbà tiwa, ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀, sanwó iṣẹ́ yìí ní ọdún 1999. Nígbà tó di ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ wọn kọ lẹ́tà sí gbogbo ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n tó lè sanwó fún alábàárìn, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń bójú tó o, iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ètò ìtọ́jú tí aláìsàn náà jọ lọ́wọ́ sí, ó sì gbọ́dọ̀ ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé ẹ̀rí.

Kì í ṣe torí àtiṣe ọ̀mọ̀wé ni mo ṣe ń sọ èyí. Ibi yòówù kí ẹ wà, ohun mẹ́ta yẹn ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ta ni alábòójútó mi, ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù la ó sì máa jókòó? Níbo ni iṣẹ́ mi wà nínú ètò ìtọ́jú ẹni náà? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wo lẹ máa fún mi? Níbi tí èmi ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kò sí ìdáhùn sí ìkankan nínú ẹ̀. Láàárín oṣù 2, èmi ni mò ń gbé fáìlì láti yàrá dé yàrá, èmi ni mò ń fi ọkọ̀ gbé aláìsàn, èmi ni wọ́n sì máa ń pè láti wá di ẹni tó bá ń bínú mú. Ẹni tí ẹ bá dì mú lánàá kò ní bá yín sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lónìí.

Ewu kan tún wà tó ń ti ọ̀dọ̀ àwa fúnra wa wá, òun ni pé ká máa ṣe dókítà kékeré. Ọ̀nà tí mo gbà fi heroin sílẹ̀ kò ní oògùn kankan nínú. Ìpàdé àti àdúrà ni mo fi ṣe é, mo sì fẹ́ràn ọ̀nà náà gan-an. Nígbà tí ọkùnrin kan wá bi mí bóyá buprenorphine, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú bárakú heroin, tí wọ́n kọ fún òun kì í ṣe pé òun kàn ń fi bárakú kan ṣe pàṣípààrọ̀ òmíràn, ó kù díẹ̀ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé e mì. Láti ọdún 2005 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka buprenorphine àti methadone mọ́ àwọn oògùn tí kò ṣeé má ní, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì wà láàyè lónìí nítorí wọn. Bí mo bá ti la ẹnu mi bí mo ṣe fẹ́ là á, tí ó sì da oògùn náà nù, ta ni ì bá gbà á bí ó bá tún padà sídìí heroin? Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú bébà, a jọ kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì jókòó tì í nígbà tó ń ka wọ́n fún dókítà. Ó béèrè, wọ́n dáhùn, ó sì pinnu fúnra rẹ̀. Bí ó ṣe rí náà nìyẹn fún oògùn ìsoríkọ́, tó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹni tó ń lò ó tó mọ̀ ọ́n lára, tí kò sì yẹ kí èèyàn jáwọ́ nínú rẹ̀ lójijì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ jáwọ́, ẹ má bá a jà, ẹ má sì sọ fún un pé ó ṣe dáadáa. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣe é lára, kí ẹ sì bá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ fún un.

Nọ́ọ̀sì-tẹ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ àṣírí ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn, nítorí mo ti wà lápá méjèèjì: mo ti ṣe nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ, wọ́n sì ti gbé mi dùbúlẹ̀ ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ará, ìlérí tí kò ṣeé mú ṣẹ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹni náà tó sọ ohunkóhun fún yín, ẹ sọ ibi tí àṣírí pin sí fún un. Bí èmi ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: "Ohun tí a bá jọ sọ, àárín wa ni yóò wà, àyàfi bí mo bá gbọ́ pé ẹ fẹ́ pa ara yín, tàbí pé ẹ fẹ́ ṣe ẹlòmíràn léṣe, tàbí pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọdé kan. Bí ó bá di ìyẹn, mi ò ní dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni." Òfin ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ lè fi òmíràn kún un, nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ alábòójútó yín. Ẹni tó bá gbọ́ èyí níṣàájú kò ní pè yín ní ọ̀dàlẹ̀.

Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé òun ti tún lo oògùn kò sí nínú mẹ́ta yẹn. Kò pọn dandan kí ẹ sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ, nítorí ìtìjú ni í máa ń lé èèyàn padà sídìí nǹkan náà lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì bi í bóyá yóò fẹ́ kí ẹ jọ lọ sọ ọ́. Nínú ìrírí mi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń gbà bí wọ́n bá ti mọ̀ pé àwọn kò dá lọ.

Àmọ́ o, àwọn ibì kan wà tí ara lè ti fi ìyà jẹ èèyàn kí ọ̀rọ̀ tó tán, kò sì sí bí ìbárẹ́ yín ṣe lè dáa tó tí ẹ kò ní pe oníṣègùn. Ẹni tó ti ń mutí gidi lójoojúmọ́ tó wá dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un láàárín wákàtí 6 sí 48. Bí ó bá sì di nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kí ara rẹ̀ máa gbóná, kí ọkàn rẹ̀ sì máa sáré. Èyí ń pa èèyàn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n tí òógùn sì ń bò ó, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyànjú. Ìkejì ni ti àwọn oògùn líle tó ń pa ìrora, tí heroin wà lára wọn. Ẹni tó ti dúró fún ìgbà díẹ̀, bóyá nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ìtọ́jú tàbí lẹ́wọ̀n, ara rẹ̀ kò lè gba ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n àtijọ́ yẹn gan-an ni í máa ń mú èémí dúró. Ẹ sọ èyí fún un ní gbangba, ẹ má ṣe rò pé ẹ ń kọ́ ọ bí yóò ṣe lò ó.

Bí wọ́n bá ní naloxone níbi iṣẹ́ yín, ẹ kọ́ bí a ṣe ń lò ó kí ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀ tó dé. Ó lè dá èémí ẹni tí irú oògùn yẹn ti gbé lọ padà, kò sì ní pa ẹni tí kò lo irú rẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 90 ni agbára rẹ̀ mọ, oògùn tó wà lára ẹni náà sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì, ẹ má sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ torí pé ó ti lajú tó sì ń bínú sí yín pé ẹ ba nǹkan òun jẹ́. Ó máa bínú. Ẹ jókòó síbẹ̀.

Ní ti ẹni tó ń ronú àtikú, ẹ má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ọ̀pọ̀ wa la gbà pé bí a bá dárúkọ rẹ̀, a ti fi í sí i lọ́kàn nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ṣé ẹ ń ronú láti gbẹ̀mí ara yín?" Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ béèrè bóyá ó ti mọ ọ̀nà tó fẹ́ gbà àti bóyá ohun tó fẹ́ lò wà nítòsí rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ sì pe ẹni tí ètò iṣẹ́ yín ní kí ẹ pè. Nígbà tí wọ́n bi èmi ní ìbéèrè yẹn lójúkojú, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí gbogbo èèyàn ti ń bi mí bóyá mo jẹun, ńṣe ni mo mí kanlẹ̀.

Afẹ́fẹ́-àárọ̀

Lórí fóònù, ní tèmi o, gbogbo wọn ni mo fún ní nọ́ńbà mi. Aago 2 òru ni èmi nílò ẹni tó máa gbé e nígbà tèmi, kò sì sí ẹni tó gbé e. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹlòmíràn.

Kọ́fẹpadà

Afẹ́fẹ́-àárọ̀, ọ̀rọ̀ yín dùn mí, ó sì yé mi ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹni tuntun níyànjú bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fún èèyàn 12 ní nọ́ńbà yín, lóru ọjọ́ tí ara yín kò yá, tàbí tí ẹ gbàgbé fóònù sínú ọkọ̀, ẹ̀yin náà yóò di ẹni tí kò gbé e. Fóònù iṣẹ́ ni kí ẹ lò, kí ẹ sọ wákàtí tí ẹ máa ń gbé e, kí ẹ sì fún wọn ní nọ́ńbà ibi tí wọ́n ti ń dáhùn tọ̀sán-tòru. Mo máa ń ní kí ẹni náà pe nọ́ńbà òru yẹn níṣojú mi lọ́sàn-án, kó gbọ́ ohùn tó ń dáhùn níbẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé inú òkùnkùn ló ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ má yá wọn lówó, ẹ má sì yá lọ́wọ́ wọn. Mi ò ní àlàyé gígùn lórí èyí. Ọjọ́ tí owó bá ti wọ̀ ọ́, ẹ ti di olówó, òun sì ti di ajigbèsè.

Àlejò-tuntun

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa yóò máa gbè yín. Ìbéèrè kan tún yọjú. Lára àwọn tí mo fẹ́ bá ṣiṣẹ́ ni dókítà àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n rí mi nígbà tí mi ò lè wẹ̀ fúnra mi. Ṣé wọ́n á lè kà mí sí òṣìṣẹ́? Wọ́n sì ní mo gbọ́dọ̀ máa kọ àkọsílẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni mo sì kórìíra ohun tí wọ́n kọ nípa tèmi nígbà tí mo rí i.

Ọwọ́-la-fi-ń-wẹ-ọwọ́

Àwọn kan á kà yín sí òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní, àwọn kan á máa bi yín ní gbogbo àárọ̀ bóyá ẹ ti lo oògùn yín. Ẹ rọra dá wọn lóhùn pé ẹ ní dókítà tó ń béèrè ìyẹn lọ́wọ́ yín. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ìtọ́jú tiyín kúrò níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kí fáìlì yín má ṣe wà nínú kọ̀ǹpútà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń ṣí.

Ní ti àkọsílẹ̀, ohun tí ẹ kórìíra nínú tiyín ni kí ẹ fi ṣe atọ́nà. Mo máa ń kọ tèmi kí ìpàdé tó parí, pẹ̀lú ẹni náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì máa ń kà á sí i létí. Bí ojú bá máa tì mí láti ka gbólóhùn kan síta, mi ò ní kọ ọ́. Mi ò kọ "aláìgbọràn" rí. Mo máa ń kọ pé ó ní òun kò tíì ṣetán láti lọ sí ìpàdé ọjọ́ Ẹtì nítorí pé ẹni tó ń ta oògùn fún òun tẹ́lẹ̀ ń gbé lójú ọ̀nà náà. Ẹ rí i pé ìkejì yẹn wúlò fún dókítà ju ìkíní lọ. Nínú ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ náà, tí ẹnì kan bá pe aláìsàn ní ọ̀mùtí tàbí wèrè, tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín, ẹ kò nílò ìwàásù. Èmi máa ń pe orúkọ ẹni náà, màá sì bá ọ̀rọ̀ lọ. Lẹ́yìn bí ẹ̀ẹ̀mẹta, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lórúkọ.

Ìyá-ìgò-òfìfo

Ọmọ mi, má bínú pé mo ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀, mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo rí i pé gbogbo wọn ti yẹra fún ìbéèrè rẹ ìkẹrin, jẹ́ kí èmi dá ọ lóhùn, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Mo ti lo ọdún 6 lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà tí ẹnì kan tí mo ti bá rìn fún oṣù 14 kú. Wọ́n sọ fún mi láàárọ̀, mo sì rí èèyàn 5 lọ́jọ́ náà, n kò sunkún. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo mutí. Ọjọ́ 19 ni mo fi mú un pamọ́, tí mo ń dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, tí mo ń fi nǹkan sẹ́nu kí òórùn má bàa jáde, tí mo sì ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Mo lè sọ fún ọ pé ọtí náà kò dùn mí tó irọ́ yẹn. Nígbà tí mo wá lọ bá alábòójútó mi, kò lé mi. Ó yọ mí kúrò níwájú àwọn èèyàn fún ọ̀sẹ̀ 6, ó fi mí sídìí iṣẹ́ ìwé, mo padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú mi, a sì fi díẹ̀díẹ̀ dá àwọn èèyàn mi padà fún mi. Mo mọ àwọn ibòmíràn tí wọn ì bá ti lé mi lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí o béèrè nísinsìnyí tí ara rẹ le, kó sì wà lákọsílẹ̀: bí ara mi kò bá yá, ta ni mo máa sọ fún, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ mi?

Kọ ètò tìrẹ pẹ̀lú. Mary Ellen Copeland àti àwọn tí wọ́n jọ ń bá àìsàn ọpọlọ yí ṣe àgbékalẹ̀ irú rẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1997, WRAP ni wọ́n ń pè é. Ohun tó ń mú ọ dúró lójoojúmọ́ ni wàá kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ohun tó máa ń ru ọ́ sókè, lẹ́yìn náà àmì pé nǹkan ti ń yẹ̀, títí dé ohun tí o fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn ṣe fún ọ nígbà tí ìwọ fúnra rẹ kò bá lè pinnu mọ́. Àmì tèmi ni pé n kì í ṣí fèrèsé mọ́. Ọmọbìnrin mi mọ̀ ọ́n, ó sì máa ń béèrè.

Wọ́n á sọ fún ọ pé ríran ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni yóò mú ìwọ náà dúró. Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1935, nígbà tí òùngbẹ ọtí fẹ́ gbé Bill Wilson, ńṣe ló wá ọ̀mùtí mìíràn tó lè bá sọ̀rọ̀, ẹni tó rí ni dókítà Bob Smith, ibẹ̀ sì ni Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti fi ọtí sílẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ni wọ́n jẹ́ síra wọn, tìrẹ kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́. Òṣìṣẹ́ ni ọ́, èèyàn bíi mélòó lójúmọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìrànlọ́wọ́ náà ń gbà lọ. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Má fi ìpàdé tìrẹ sílẹ̀ nítorí pé o ti ń darí ti àwọn ẹlòmíràn.

Àlejò-tuntun

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣé, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta. Mo béèrè, wọ́n kọ ìdáhùn fún mi lórí ìwé, mo sì fọwọ́ síwèé. Ọ̀sẹ̀ kìíní parí lónìí. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi jókòó tó ogójì ìṣẹ́jú láìsọ ohunkóhun, ó ń wo bàtà rẹ̀, èmi náà sì ń wo tèmi. Ìtàn mi wà lẹ́nu mi ní gbogbo ìgbà náà, n kò sì sọ ọ́. Nígbà tí ó dìde, tó ti di ìlẹ̀kùn mú, ó béèrè bóyá ọjọ́ Ẹtì ni mo tún wà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò wá mọ ohun tí mo máa kọ sínú àkọsílẹ̀ báyìí, nítorí àyè kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà tí wọ́n kọ sí i pé "ó sọ̀rọ̀" àti "ó kọ̀ láti sọ̀rọ̀".

Ọwọ́-la-fi-ń-wẹ-ọwọ́

Ẹ má fàmì sí ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ jọ jókòó fún ìṣẹ́jú 40, pé ó sì béèrè nípa ọjọ́ Ẹtì. Kí ẹ kà á fún un bó bá dé.